Àkísà Pupa Lọ́rùn Ike

Mo rántí ìgbà tí àkísà pupa ń ṣọ́ ilé wa l'Óṣogbo. Aláró ni ìyá tó bí mi, omi sódà tí wọ́n fi ń po aró kì í sì í wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé wa, omi tó ń bóni lára bí iná. Inú ike omi mímu tó ti ṣófo ni ìyá mi máa ń rọ ọ́ sí, wọn á sì so àkísà pupa mọ́ ọn lọ́rùn. Gbogbo agbo ilé ló mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kan ike tó bá ní àkísà. Kò sì sẹ́ni tó tibẹ̀ fara pa rí.

Èmi alára, òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí nígbà náà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ti iléèwé kan bọ́ sí òmíràn, kí n máa kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe lè yẹra fún ewu inú ilé. Mo mọ̀ ọ́n sọ débi pé àwọn olùkọ́ máa ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi kó gbogbo tèmi ròde, n ò ṣẹ́ nǹkan kan kù sílé.

Àkọ́bí wa obìnrin pé oṣù méje, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, nígbà tí ìyá ìyàwó mi wá kí wa. Ìyá Iléṣà la máa ń pè wọ́n. Oòrùn ti pa wọ́n lọ́nà. Kí ìyàwó mi tó bu omi dé, wọ́n ti rí ike kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀, èyí tí ìyá mi gbé wọlé kí ewúrẹ́ má baà dà á nù. Wọ́n tú àkísà rẹ̀, wọ́n ṣí i, wọ́n ń gbé e lọ sẹ́nu. Bí mo ṣe wọlé nìyẹn. N ò kí wọn, n ò dọ̀bálẹ̀, mo já ike náà gbà. Díẹ̀ ta sí ṣòkòtò iṣẹ́ mi, ó sì lu ú bí ajere.

Nígbà tí mo da omi sẹ́sẹ̀ tán, tí ìyàwó mi sì ṣàlàyé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní kí wọ́n má bínú, pé gbogbo ilé ló mọ àkísà pupa. Wọ́n bi mí bóyá ọmọ oṣù méje náà mọ̀ ọ́n. Mo tún ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á mú ọmọ àti ìyá rẹ̀ lọ sí Iléṣà lọ́la. Mo fẹ́ dìde kí n túbọ̀ bẹ̀ wọ́n.

"Má dìde," ni Ìyá Iléṣà wí. "Ibi tó o wà yẹn lọmọ ń wà látàárọ̀ dalẹ́. Kí lò ń rí níbẹ̀?"

Mo wò. Mo rí oògùn eku lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Mo rí abẹ́rẹ́ ìránṣọ ìyàwó mi, èyí tí a ti ń wá láti ọjọ́ Jímọ̀. Wáyà kẹ́tùlù ń fì létí tábìlì. Wọ́n ní kí n máa rá lọ. Mo rá dé ilé ìdáná, mo bá báàfù tó kún fómi lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Iléṣà kọ́wọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń tẹ̀ lé mi. Ọmọ mi ń rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín kèékèé, inú rẹ̀ dùn pé òun rí ẹgbẹ́ òun.

"Ulé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," ni wọ́n wí, nítorí ulé ni Ìjẹ̀ṣà ń pe ilé. "Ẹ ti sọ ọ́ lórúkọ tán, ẹ ò tíì wo ulé."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá mi ti rọ gbogbo sódà sínú kẹ́ẹ̀gì dúdú, wọ́n tì í mọ́ yàrá aró, wọ́n so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Àkísà pupa ni wọ́n fi nu sítóòfù. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Ìyá Iléṣà nìkan ló wọkọ̀ lọ, inú mi sì dùn ju ti ọjọ́ ìgbéyàwó lọ.

Ìyá Iléṣà ti lọ sinmi báyìí. Àwọn àgbà máa ń sọ pé àlejò lójú, kò fi ríran, àmọ́ àlejò yẹn ló la ojú mi. Ọmọ ìjọsí ti wà nílé ọkọ ní Ìkejì-Arákejì, òun náà ti bímọ. Nígbà tí mo gbọ́ pé ọmọ náà ti ń rá, mo wọkọ̀ lọ. Orúnkún ń dùn mí, síbẹ̀ bí mo ṣe wọlé ni mo ń wá ibi tí mo máa fọwọ́ tì nílẹ̀ kí n lè máa rá.

"Ẹ jókòó, Bàbá," ọmọ mi wí. "Mo ti rá yí ilé ká láàárọ̀."

Mo wo orúnkún rẹ̀. Eruku ṣì wà níbẹ̀.