Ọ̀gá Jedidiah Kì í Ṣìnà

Ọ̀rọ̀ oko Wásinmi ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá Jedidiah Ṣódìmú ni olórí ẹgbẹ́ Sìkáòtù tó ń pàdé ní pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Abẹ́òkúta. Lọ́dún kan, ó kó àwọn ọmọ lọ pàgọ́ ní Wásinmi. Ọkọ̀ já wọn sílẹ̀ lójú títì, ó wá ku kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ibi àgọ́. Awakọ̀ nawọ́ sí ọ̀nà gbangba tí àwọn ọlọ́kadà ń gbà. Ọ̀gá wò ó tàánútàánú.

"Ọ̀nà àwọn tí kò ní kọ́ńpáàsì nìyẹn," ló wí. Ó yọ kọ́ńpáàsì tirẹ̀ lápò, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni gbé ẹyin, ó sì já wọ igbó.

Sàlàhúdíìnì, igbákejì rẹ̀, ló ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn kí ọmọ kankan má baà sọnù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gba ẹ̀gbẹ́ oko ẹ̀gẹ́ ìyá àgbà kan kọjá. Wọ́n kí i kú iṣẹ́, ó ní kí wọ́n máa rọra. Wọ́n rìn, wọ́n rìn, òógùn bò wọ́n, bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í bu àwọn ọmọ jẹ lẹ́sẹ̀, ni wọ́n bá tún yọ sí oko ẹ̀gẹ́ yẹn. Ìyá nàró.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan, mà," ni Ọ̀gá wí. "Kíkí tàárọ̀ yẹn ló kánjú jù. A ní ká padà wá kí yín dáadáa."

Ó dọ̀bálẹ̀, gbogbo ọmọ dọ̀bálẹ̀ tẹ̀lé e, wọ́n sì tún já wọ igbó. Nígbà tí oòrùn ti yí sí ìwọ̀ oòrùn, wọ́n yọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá ti kúrò nídìí ẹ̀gẹ́. Ó ti dáná lẹ́nu ahéré, ìkòkò ń hó.

"Ẹ jókòó," ló wí. "Mo ti gbé iṣu kaná. Mo mọ̀ pé ẹ ń bọ̀."

Ẹnu iṣu ni wọ́n wà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ fi kó ìgboyà jọ. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a ti ṣìnà ni?"

Ọ̀gá kọ́kọ́ gbé iṣu mì. "Sìkáòtù kì í ṣìnà," ló wí. "Ọ̀nà ló ṣìnà."

Ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wọn dé ìlú. Di òní olónìí, bí ọlọ́kadà kan bá gbé èèyàn tó ń lọ sí Ìtòkú dé ibòmíràn, ọ̀nà ló ṣìnà ni yóò fi bẹ̀bẹ̀. Ohun tó sì dùn jù nínú rẹ̀ ni pé tíṣà ni Ọ̀gá kó tó fẹ̀yìn tì. Jọ́gíráfì ló kọ́ àwọn ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tó ṣì ń wọ ṣòkòtò kàkí péńpé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí ìṣáná, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ gùn dé orúnkún, ó sì máa ń fi irin lọ kàkí náà débi pé eṣinṣin kò gbọdọ̀ jókòó lé e. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́dìn ṣọ́ọ̀ṣì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ṣòkòtò gígùn bọlá fún Ọlọ́run."

"Ta ló dá orúnkún mi?"

"Ọlọ́run ni, sà."

"Ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá, òun ni kí n wá máa bò mọ́ ọn lójú?"

Òfin ẹgbẹ́ wọn ni pé kí Sìkáòtù ṣe oore kan lójoojúmọ́. Àwọn tó kù kọ́ òfin yìí sórí. Ọ̀gá ní tirẹ̀ kì í jẹun alẹ́ bí kò bá tíì ṣe é. Nítorí náà, bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, ebi yóò ti máa pa á, yóò sì máa wá ẹni tí yóò ràn lọ́wọ́ kiri ìgboro. Àwọn tó mọ̀ ọ́n a máa sá fún un.

Ràhámátù, ìyá Sàlàhúdíìnì, kò tètè sá. Aláró ni, ó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ń rẹ ẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ti fi ìko di àwọn aṣọ kan jọ, ó ku kó rì wọ́n sínú aró, ni wọ́n pe ìrun àsárì. Ọ̀gá sì ti jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀.

"Ẹ máa lọ kírun yín, Ìyá Sàlàhú. Èmi á ṣọ́ ọjà."

Ó jókòó níbẹ̀, ó ń wo kókó tí Ràhámátù ta sára aṣọ. Kókó náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tú ọ̀kan, ó fi kókó Sìkáòtù tún un dì, irú èyí tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́ èbúté. Ó tú òmíràn. Kí Ràhámátù tó sálámà, Ọ̀gá ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán, ó sì ti lọ jẹun.

Aṣọ wọ aró, ó jáde, ó gbẹ. Kò ṣe é tú. Wọ́n fi èékánná, wọ́n fi eyín, gbogbo aláró àdúgbò dá sí i. Wọ́n bá ránṣẹ́ pe ẹni tó dì í. Ọ̀gá fà á títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ, kókó kò mira. Ó gbójú sókè wo Ràhámátù pẹ̀lú ayọ̀ ńlá.

"Ẹ rí i bó ṣe le? Ohun tí mò ń sọ fún yín nìyẹn!"

Abẹ ni wọ́n fi gé e. Àmì tó jáde lára aṣọ náà kò jọ ohun tí ẹnikẹ́ni rí rí, síbẹ̀ obìnrin kan láti Èkó ra gbogbo rẹ̀, ó ní òun tún ń fẹ́ sí i. Ràhámátù fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bẹ Ọ̀gá pé kó wá tún un dì. Ọ̀gá mú ìko, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n," ló wí nígbẹ̀yìn. "Kì í ṣe èmi."

Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù ní pápá. Lẹ́sìnnì gba àwọn kan ní Sátidé, fóònù gba àwọn kan, àwọn òbí mìíràn sì ń béèrè ohun tí kókó títa yóò dà fún ọmọ àwọn láyé. Beatrice, ìyàwó Ọ̀gá, ti kú. Lois, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní Kánádà. Bí ìsìn bá ti parí, Lois yóò pè.

"Dádì, ṣé ẹ ò kàn ń dá wà ṣáá?"

"Dá wà kẹ̀? Èmi tí mo ní odindi ẹgbẹ́!"

Ẹgbẹ́ tó ń wí nígbà yẹn, òun àti Sàlàhúdíìnì ni.

Sàlàhúdíìnì kò jẹ́ gbàgbé Sátidé tí ọmọ kankan kò wá. Wọ́n ta àsíá, wọ́n dúró títí oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n.

"Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó wá o. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ìwọ ńkọ́? Ìwọ kì í ṣe ẹni ni?" Ọ̀gá fọn fèrè. "Ẹ tò!"

Sàlàhúdíìnì, ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, tò. Òun nìkan. Ọ̀gá rìn lọ síwájú rẹ̀, ó yẹ èékánná rẹ̀ wò, ó ní ó dọ̀tí, ó sì padà sí àyè rẹ̀.

"Ẹ ka ara yín!"

"Ení!" ni Sàlàhúdíìnì ké.

Ọ̀gá tẹ́tí, ó ń wo ọ̀nà ẹnu géètì, àfi bí ẹni pé èjì ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Nígbà tó pẹ́, ó fi àyè ọ̀gá sílẹ̀, ó sáré pẹ̀lú ẹsẹ̀ ìṣáná rẹ̀ wá tò sí ẹ̀gbẹ́ Sàlàhúdíìnì, ó sì na àyà síta.

"Èjì!"

Ọdún tó tẹ̀lé e ni Mojí, ìyàwó Sàlàhúdíìnì, ríṣẹ́ sí Ìlú Ọba, ó kó àwọn ọmọ dání. Wọ́n ní Sàlàhúdíìnì yóò bá wọn láìpẹ́. Físà kò jáde. Ó wá ku òun àti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún fóònù ṣe ní Òkè-Ìlewó. Ìgbà yẹn ni fóònù Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

"Sàlàhú, fóònù yìí kò dún mọ́."

Sàlàhúdíìnì yóò tú u, yóò nù ún, kò ní rí nǹkan kan, yóò dé e padà. Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá á tún gbé e dé. Sàlàhúdíìnì bá kúkú ra àga kan sí ṣọ́ọ̀bù fún un. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Ọ̀gá ti lọ, ó ń sọ fún Abdulbaqi tó ń ta ìbòrí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kò sí ohun tó ṣe fóònù yẹn o. Àdáwà ló ń bá bàbá jà. Mo kàn máa ń bá a jókòó ni. Oore tèmi ti ojúmọ́ nìyẹn."

Abdulbaqi rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú. "Ohun tí bàbá náà sọ fún mi nípa rẹ nìyẹn! Ó ní látìgbà tí Mojí ti lọ, ìwọ nìkan lò ń dá sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní bí òun bá ti wá jókòó tì ọ́, òun ti ṣe oore tòní, ó di kí òun lọ jẹun."

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá gbé fóònù dé. Sàlàhúdíìnì tú u, ó nù ún, ó mi orí.

"Ó bàjẹ́ gan-an ni, Ọ̀gá. Ẹ máa gbé e wá lọ́la."

Àìsàn tó mú Ọ̀gá lọ kò pẹ́. Nígbà tó wà ní ọsibítù, ó pín àwọn aláìsàn yàrá wọn sí ọ̀wọ́ méjì, ọ̀wọ́ Ẹkùn lápá ojú fèrèsé, ọ̀wọ́ Àwòdì lápá ẹnu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì bínú wá bá Sàlàhúdíìnì pé kó bá àwọn kìlọ̀ fún bàbá rẹ̀, pé àwọn bá ẹni tí wọ́n fa omi sí lára tó dìde ń kí àsíá. Sàlàhúdíìnì kò sọ fún un pé bàbá òun kọ́. "Màá bá wọn sọ̀rọ̀, mà," ló wí.

Ọjọ́ ìsìnkú, àwọn tó ti ṣe Sìkáòtù lábẹ́ rẹ̀ tú jáde. Ikùn wọn ti yọ, aṣọ ọrùn ẹgbẹ́ kò fẹ́ yí wọn lọ́rùn ká mọ́. Lọ́ọ́yà wà níbẹ̀, alágbàṣe ilé wà níbẹ̀. Wọ́n sọ ìtàn oko ẹ̀gẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín dé omijé. Wọ́n gbá Sàlàhúdíìnì mọ́ra, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n padà sí Èkó kílẹ̀ tó ṣú. Lois náà wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ. Ilé Ọ̀gá di títì pa.

Nígbà tó di Sátidé, Sàlàhúdíìnì kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó wọ kàkí, ó lọ sí pápá. Bó bá ní òun mọ ohun tí òun wá ṣe, irọ́ ló pa. Ewúrẹ́ ló ń jẹko níbẹ̀. Ó ta àsíá, ó kọjú sí koríko lásán, ó la ẹnu.

"Atẹ́ńṣàn!"

Ohùn náà kéré, ó já bọ́ síwájú rẹ̀ níbẹ̀. Ewúrẹ́ kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ojú tì í. Ó ń nawọ́ sí okùn àsíá láti sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí ẹnì kan pè é láti ẹ̀yìn ọgbà. Christianah ni, obìnrin tó máa ń ta ẹ̀pà àti gúgúrú lẹ́nu géètì, ó pọn ọmọ sẹ́yìn.

"Bọ̀dá Sàlàhú! Ẹ kú ìrọ́jú o."

"Ẹ ṣé, ìyàwó."

"Ẹ má bínú sí mi o. Ohùn yẹn kò dé ọ̀dọ̀ mi níbí. Ti Ọ̀gá, ó máa ń jí ọmọ ẹ̀yìn mi ni. Ẹ gbé e sókè díẹ̀ sí i."

Ẹ̀rín gbọ̀n Sàlàhúdíìnì. Ó rín in títí tó fi tẹ̀ ba, tó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú, kó sì tó mọ̀, ẹ̀rín náà ti di omi lójú rẹ̀. Christianah ń di ẹ̀pà sínú ọ̀rá, ó ń dúró dè é. Sàlàhúdíìnì fi aṣọ ọrùn nu ojú. Ó nàró. Ó fa èémí sínú títí àyà rẹ̀ fi kún.

"ATẸ́ŃṢÀN!"

Ewúrẹ́ sá. Ọmọ ẹ̀yìn Christianah ta jí, ó figbe ta.

"Ẹ̀hẹ́n!" ni Christianah wí, ó ń jó ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn. "Òun gan-an nìyẹn."