Èéfín Ẹja Bàbá Sabina

Ẹni tó bá ń bú Nọ́ọ̀sì Wosilat ní Bajulaiye lónìí, kó kọ́kọ́ sọ fún mi ẹni tó ń wẹ ìyá tirẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé mi dojú kọ ilé rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wò ó tó ń tọ́jú àwọn arúgbó tí ọmọ wọn ò ráyè fún. Ilé bàbá rẹ̀ ló sọ di ilé ìtọ́jú àgbà nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn mẹ́jọ ló sì ń gbé ibẹ̀. Àánú rẹ̀ ló pọ̀ jù. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Àánú ò jẹ́ kí òun ríran.

Nígbà tó fẹ́ ṣe ìnṣọ́ránsì ilé náà, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rán Ọ̀gbẹ́ni Kàsúmù wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kí wọ́n kan álámù èéfín, tó máa ń ké bí èéfín bá ti dé ibẹ̀, mọ́ àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí arúgbó ò lè sáré, ó yẹ kó tètè gbọ́. Èmi ni mo tẹ ìwé "Ọ̀nà Àbájáde" tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Wosilat sì fọwọ́ sí ìwé pé álámù náà yóò máa ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo.

Lẹ́yìn oṣù méjì, obìnrin kan tó ń jẹ́ Sabina mú bàbá rẹ̀ wá. Japhet ni orúkọ bàbá náà, apẹja ará Ìlàjẹ, tó ti da àwọ̀n sí ọ̀sà Bàrígà títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì. Kò jẹun. Bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ lọ ni wọ́n ń gbé e padà.

Ó sọ fún Wosilat lọ́jọ́ kan pé, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí n máa yan ẹja. Bí mi ò bá ti gbóòórùn èéfín, ó ń ṣe mí bíi pé mo ti kú."

"Ẹ máa yan án ní ẹ̀yìnkùlé, Bàbá. Ṣùgbọ́n màá jókòó tì yín."

Ó ra ààrò kékeré fún un. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pín ẹja kárí ilé. Ìyá Rẹ̀mí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ, ló máa ń gba orí ẹja. Èmi náà jẹ níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Àmọ́ èéfín ń gba ojú fèrèsé wọlé, álámù á figbe ta, àwọn arúgbó á máa gbọ̀n. Wosilat gun àga, ó yọ bátìrì rẹ̀.

Mo ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣé kò ní dá wàhálà sílẹ̀?"

"Tí Bàbá bá ti yan ẹja tán, màá dá a padà."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dá a padà. Lọ́jọ́ kejì náà, ó dá a padà. Nígbà tó yá, inú dúrọ́ọ̀ ni bátìrì náà ń gbé. Èmi náà ò sì bi í mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Bàbá ń yan ẹja, Wosilat jókòó tì í. Wáyà fíríìjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá Ìyá Rẹ̀mí gbiná. Gbogbo ilé gbóòórùn èéfín, kò sẹ́ni tó ké. Ẹja Bàbá ni, ohun tí kálukú rò nìyẹn. Èmi gan-an gbóòórùn rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ mi, itọ́ sì sun lẹ́nu mi. Mi ò tíì lè dárí ìyẹn ji ara mi. Nígbà tí èéfín dúdú yóò fi yọ lójú fèrèsé, a sáré wọlé, a gbé àwọn mẹ́fà jáde. Ìyá Rẹ̀mí ti kú ká tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bàbá Sabina jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ariwo yẹn, ó ń béèrè pé, "Ṣé iná mi ni? Ṣé iná mi ni?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nírọ̀lẹ́, Sabina wá mú un lọ, ó sì gbé e lọ sí ìlú wọn létí òkun Oǹdó.

Àwọn panápaná rí i pé wáyà ni. Kàsúmù dé pẹ̀lú fáìlì rẹ̀.

"Mà, ṣé álámù ké?"

Álámù náà ti jóná. Ká ní ó sọ pé ó ké ni, ta ni ì bá já a nírọ́?

"Kò ké. Èmi ni mo yọ bátìrì rẹ̀."

Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ò san nǹkan kan, ilé ìtọ́jú náà sì kógbá sílé. Wosilat kúnlẹ̀ níwájú Rẹ̀mí, ó sọ ọ́ fún òun náà. Ó ku Bàbá, tí kò tíì mọ̀ pé kì í ṣe iná tòun. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, òun máa lọ fúnra òun. Ó ní kí ọwọ́ òun tó jó nínú iná náà kọ́kọ́ san. Ọwọ́ san, ìtìjú ò jẹ́ kó lọ.

Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn iná náà, Sabina wọlé tọ èmi àti Wosilat wá ní ilé ìtẹ̀wé mi nínú aṣọ dúdú.

Ó ní, "Bàbá ti lọ. Kò fẹnu kan ẹja mọ́ títí tó fi kú. Ó ní ká bá òun bẹ ọmọ Ìyá Rẹ̀mí, pé iná òun ló pa ìyá rẹ̀."

Wosilat jókòó sílẹ̀ níbi tó dúró sí. "Mò ń bọ̀ wá sọ fún un," ló ń wí ṣáá, "mo ti ń múra àtilọ." Ọ̀rọ̀ náà ò yé Sabina. Èmi ni mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un.