Agbẹ̀bí Tó Jáde Lábẹ́ Ìbọn

Lọ́dún tí agbẹ̀bí náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó gbé àlùmọ́gàjí rẹ̀ kaná nínú omi, ó dijú, ó ń gbàdúrà. Kó tó ṣe àmín, omi ti gbẹ, ìkòkò ti jó. Àwọn ará àdúgbò ní láti ọjọ́ náà ni kì í ti í gbàdúrà nídìí iṣẹ́ mọ́. Irọ́ ni. Ó ń gbàdúrà; ojú ni kì í dì mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, ọjọ́ kẹta tí ìbọn ti ń dún nígboro, wọ́n pè é lórí fóònù. Ìyàwó télọ̀ tó ń gbé ní ìparí òpópónà ń rọbí, ẹsẹ̀ ọmọ ló sì fẹ́ kọ́kọ́ yọ.

Ọkọ agbẹ̀bí, tó jẹ́ káfíńtà, dí ẹnu ọ̀nà.

“Ṣé orí ẹ pé ṣá?”

“Ó pé, Bàbá àwọn ọmọ. Ẹ yà fún mi.”

“O sì tún wọ funfun! Kí wọ́n lè rí ẹ láti òkèèrè, àbí?”

“Kí wọ́n lè rí i pé agbẹ̀bí ni mí.”

“Ọlọ́run ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ọlọ́run ní òun ò ní fi mí sílẹ̀. Ti aṣọ funfun, èmi ni mo rò ó.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọkọ rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn fún un.

Agbẹ̀bí ń fẹ̀gbẹ́ rìn lára ògiri. “Olúwa, bò mí. Olúwa, bò mí.” Ní ìkóríta, ọta ba ògiri lókè orí rẹ̀, erùpẹ̀ dà sí i lára. Ó wó sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi kan. Àwọn tó ń sọ pé ẹ̀rù kò bà á rárá kò sí níbẹ̀: kò lè dìde. Ó rá dé ilé télọ̀.

Ọmọ náà yọ tán, kò ké. Agbẹ̀bí fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń bẹ Ọlọ́run láàárín èémí. Nígbà tí ọmọ wá figbe ta, ìyá télọ̀ ní, “Rọra o, ọkọ mi, wọ́n ń gbọ́ wa níta!”

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá ọmọ kò dá. Ọkọ̀ tó ń kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ gbé wọn, agbẹ̀bí sì bá wọn lọ, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò níkùn aláìsàn. Bí wọ́n ṣe sọdá odò tán ni àwọn tó ń yìnbọn dí afárá pa lẹ́yìn wọn, kò sẹ́ni tó lè padà.

Awakọ̀ tó gbé wọn ló fóònù káfíńtà ní ọ̀sán Sátidé: ìyá àti ọmọ ń bẹ láàyè, agbẹ̀bí sì wà lọ́dọ̀ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sọ di ilé ìwòsàn lódìkejì odò, ní kíláàsì kẹta.