Ìkòkò Tí Mo Mọ Sórí Táìlì Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí ní Ìbarà o!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé amọ̀kòkò ni mí. Abúlé wa wà lórí òkè olókùúta lẹ́yìn Abẹ́òkúta. Ìsàlẹ̀, lẹ́bàá odò, la ti ń wa amọ̀ ká tó rù ú gòkè. Àwa tá à ń mọ ìkòkò níbẹ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ó ku èmi nìkan.

Lásìkò òjò tó kọjá, mo ru amọ̀, ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí àpáta, mo ṣubú, ọrùn-ẹsẹ̀ mi yẹ̀. Bọ́lá, ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, gbọ́, ló bá gbé mọ́tò wá. Kò bi mí léèrè o! Ó kó ẹrù mi, ó gbé mi lọ sílé ẹ̀ ní Ìbarà, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, mi ò ní mọ ìkòkò mọ́.

Ilé rẹ̀ dára. Fáànù ń fẹ́, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, oúnjẹ ń dé. Kí ni mo tún ń fẹ́? Àmọ́ ara mi ò balẹ̀! Bí mo bá jókòó, màá dìde. Màá lọ sẹ́nu géètì, màá padà. Lọ́jọ́ kan tí mò ń jẹ èbà, kí n tó mọ̀, mo ti fi àtàǹpàkò yọ ẹnu ìkòkò lára òkèlè. Ẹ ò rí nǹkan!

Nígbà tó yá, àwọn kan ń gbẹ́ ihò ṣalángá nílé kejì. Mo yọjú. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń dà síta? Amọ̀! Mi ò rántí ẹsẹ̀ tó ń dùn mí mọ́. Mo bu díẹ̀, mo yí i lọ́wọ́, ó lẹ̀ pọ̀.

Ọ̀gá wọn wò mí títí. "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

Mo ní rárá o, ìkòkò ni mo fẹ́ fi mọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa kó o.

Kí Bọ́lá tó ti ibi iṣẹ́ dé, ìkòkò kan ti dúró lórí táìlì bàráńdà rẹ̀. Ẹrẹ̀ dé ara ògiri! Ó wo ìkòkò, ó wo ẹsẹ̀ mi tó ti tún wú. Omi bọ́ lójú ẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kú nítorí amọ̀ ni?"

"Bọ́lá, ṣé kí n jókòó síbí títí ọwọ́ mi á fi gbàgbé iṣẹ́ ni?"

Ó bọ́ bàtà ọ́fíìsì ẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ìkòkò náà. Ó wá ní ẹ̀rù ló ń ba òun. Pé nígbàkígbà tí fóònù òun bá dún, òun á rò pé wọ́n fẹ́ sọ pé mo ti tún ṣubú. Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ìkòkò yẹn là nígbà tó ń gbẹ. Iyanrìn pọ̀ jù nínú amọ̀ Ìbarà! Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ mi san, Bọ́lá fúnra ẹ̀ ló gbé mi padà sílé. Ó bá ọlọ́kadà kan sọ̀rọ̀, òun ló ń bá mi gbé amọ̀ gòkè báyìí. Èmi náà ṣèlérí pé mi ò ní rù ú mọ́. Láàárọ̀, lálẹ́, Bọ́lá á pè mí lórí fóònù. Mò ń gbé e, kódà bí amọ̀ bá kún ọwọ́ mi.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa bi òbí yín léèrè kẹ́ ẹ tó kó ẹrù wọn. Ẹ̀yin òbí, ẹ bi àwọn ọmọ náà léèrè ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti fi ìfẹ́ sé yín mọ́lé rí? Ẹ kọ tiyín síbí. Bí mi ò bá tètè fèsì, ẹ má bínú o, ìkòkò wà nínú iná!