Agbárí tí Wọ́n Pàtẹ ní Marietta

Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera wa fìdí múlẹ̀ ní Marietta, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ilé ìtajà ohun àtijọ́ kan gbé agbárí èèyàn síta fún títà. Wọ́n de ìwo ẹfọ̀n mọ́ ọn, wọ́n kọ orúkọ abúlé kan sí i, wọ́n ní ti àwọn Naga abẹ́nilórí ni.

Abúlé yẹn ni wọ́n ti bí Asenla. Nọ́ọ̀sì kan nínú ẹgbẹ́ wa ni obìnrin yìí, ọmọ Naga, láti orí òkè tó wà láàárín India àti Burma. Ó ní bàbá ńlá ẹnì kan ni wọ́n ń tà yẹn, àfi kó padà lọ síbi tí wọn yóò ti sin ín. Mo ní ilé làbọ̀ sinmi oko. A ó lọ dí ẹnu ọ̀nà wọn.

Láàárọ̀ ìwọ́de, Délé akọ̀wé wa gbé ìborùn pupa àti ọ̀kọ̀ dé. Ó ní bí Asenla bá lo ìwọ̀nyí, àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n á sáré wá. Asenla ò fọwọ́ kàn wọ́n.

"Uncle Délé, aṣọ jagunjagun ọkùnrin lèyí, ẹ̀yà Naga mìíràn ló sì ni ín. Bí ìyá mi bá rí i lọ́rùn mi, á ní orí mi ti dàrú."

Yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn ló wọ̀.

Ọ̀gá ilé ìtajà jáde, àwọn ọlọ́pàá tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó wo Asenla látòkè délẹ̀, ó ní kò jọ Naga lójú òun. Ó tún ní, "Ṣebí àwọn bàbá yín ló ń bẹ́ orí? Kí ló wá ń dùn yín?"

Asenla ò gbé ohùn sókè. "Wọ́n bẹ́ orí, wọ́n sì ṣíwọ́. Ẹ̀yin lẹ ṣì ń pàtẹ rẹ̀."

A ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó yá, ọ̀gá náà ní òun yóò gbé e kúrò lórí àtẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí ìgbìmọ̀ abúlé bá rán nìkan lòun máa gbé e fún. Asenla pe ilé lójú gbogbo wa, ó ní kí ìgbìmọ̀ rán òun. Ọkùnrin nìkan ló ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà. Wọ́n ní obìnrin kì í ṣojú abúlé lórí ọ̀rọ̀ àwọn babańlá.

Délé rọra ní kó fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́, kí òyìnbó má baà fi wá rẹ́rìn-ín. Ó kọ̀, ó sọ ọ́ síta gbangba. Ó yíjú sí mi: "Ìjà èmi pẹ̀lú wọn nìyẹn, ó ti pẹ́ tí mo ti ń jà á. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí ẹ̀ pe àwọn èèyàn mi ní ẹranko."

Òótọ́ ni pé bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Síbẹ̀ n kò ní dárí ji ilé ìtajà tó sọ òkú ọlọ́mọ di ọjà, tó sì sá sẹ́yìn àṣà tó kọ́kọ́ fi ṣẹ̀sín. A gbà á lórí àtẹ, a ò gbà á lọ́wọ́ wọn. Inú àpótí ló wà ní Marietta títí di òní, ó ń dúró de ọjọ́ tí àwọn ọkùnrin méjì tí wọn ò mọ ara wọn, ọ̀gá ilé ìtajà níbí àti olórí ìgbìmọ̀ lórí òkè, máa gbà kí obìnrin gbé e relé.