Metodi Tó Ń Pe Òṣùpá

Títí dòní, kò sẹ́ni tó gbàgbé ọjọ́ Àìkú tí Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì abúlé Gorno Brezhe. Àlùfáà Iliya ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ìjọ dákẹ́ fún àdúrà ni gbohùngbohùn ara ògiri hó ṣììì, tí ohùn ńlá kan sì jáde: “Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń gbọ́ mi, kó dáhùn!”

Ìyá Ginka dojú bolẹ̀. “Mò ń gbọ́ o, Olúwa! Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mú Stoyanka aládùúgbò mi ná, òun ló dàgbà jù!”

Kì í ṣe Olúwa. Metodi ọkọ Neda ni, ó wà nílé rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fi rédíò pe òṣùpá, ohùn rẹ̀ wá já wọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì.

Rédíò ni Metodi fi ń jẹun tẹ́lẹ̀, kí iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é tó kógbá sílé, kí àwọn ọ̀dọ́ tó kó lọ tán. Ognyan, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, lọ sí Sípéènì, kò pè mọ́. Metodi ní nígbà tí ará ayé kò ti dáhùn, òun yóò ju ohùn òun lu òṣùpá, kó ta padà bí bọ́ọ̀lù tó lu ògiri.

“Kí lẹ fẹ́ gbọ́ lẹ́nu òṣùpá?” Neda bi í.

“Ohùn ara mi.”

“Mò ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, Bàbá Ognyan. Kò sí nǹkan gidi ńbẹ̀.”

Nígbà tí èso pupa tí wọ́n ń pè ní plọ́ọ̀mù sì pọ́n tán, tí Neda fẹ́ fi pọn ọtí rakia, kò rí ìkòkò bàbà rẹ̀.

“Ìkòkò mi dà?”

“Ó wà lórí òrùlé, mo fi ṣe eriali, ó ń bá òṣùpá sọ̀rọ̀.”

“Kó yáa sọ fún òṣùpá kó wá bá mi pọn ọtí!”

Ọjọ́ kan, Metodi gbọ́ tọ́, tọ́, tọ́ nínú rédíò, ó ní òṣùpá ti dáhùn. Ó sáré jáde, ó bu ọtí fún gbogbo ẹni tó kù lábúlé. Àṣé wáyà iná tí Àlùfáà Iliya fi ṣọgbà ká ewúrẹ́ rẹ̀ ló ń dún.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. “Neda, bí èèyàn bá ń ké, tí ohunkóhun kò dá a lóhùn, ṣé ó ṣì wà láyé?”

Neda bu ọbẹ̀ gbígbóná síwájú rẹ̀.

Nígbà òtútù tó kẹ́yìn, etí Metodi di pátápátá. Ní ọ̀sán kan tí òṣùpá yọ lórí òkè, ó gbé ohun tí wọ́n ń fi sétí fún Neda, ó pariwo sínú rédíò, ó wá tẹjú mọ́ ọn lẹ́nu. Kí ni Neda gbọ́? Ṣììì lásán, bí òróró tó ń hó nínú agbada.

“Ṣé ó dé?”

Neda mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó la ẹnu dáadáa kó lè rí i kà: “Ó dé. Ohùn yín ni, kò yí padà.”

Metodi bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Yìnyín kò tíì yọ́ tó fi kú.

Lẹ́bàá sàréè, Àlùfáà Iliya rọra bi Neda pé: “Ṣé lóòótọ́ ni ohùn tó ròyìn fún wa náà dé láti òṣùpá?”

“Àlùfáà,” Neda ní, “láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, n kò jẹ́ kó borí mi nínú ọ̀rọ̀ kankan rí. Ẹ jẹ́ kó borí nínú èyí.”