Ilẹ̀ Dúdú Basawa

Owú ni, ẹ má jẹ́ ká pè é ní nǹkan mìíràn. Láti ọjọ́ Ìkórè tí wọ́n ti gbé ọ̀dùnkún Túnráyọ̀ síwájú pẹpẹ, tí wọ́n sì ti àgbàdo Oyèdàpọ̀ Ìyàndá sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́fun bàbá náà mọ́. Ọ̀dùnkún wo ló ń tóbi tó orí ọmọ ọwọ́? Nígbà tí wọ́n ń lù ú ní gbàǹjo, tí gbogbo ìjọ ń pariwo, ńṣe ni Oyèdàpọ̀ fọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú.

Bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tó jẹ́ pé ìkórè tirẹ̀ ló máa ń wà níwájú pẹpẹ yẹn. Bàbá rẹ̀, tó ti Ọ̀fà wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Zaria, ló kọ́kọ́ dá oko tó wà ní Basawa. Ọkùnrin náà a máa bẹ àwọn Fúlàní kí màlúù wọn wá sùn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, a máa da eérú sí i, títí ilẹ̀ fi dúdú, tó sì rọ̀ múlọ́múlọ́. Ó kú, ó fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Ìgbà tí àwọn onítípà dé, tí wọ́n ń wá ilẹ̀ dúdú rà, ọmọ ní kí wọ́n máa gbẹ́ ẹ. "Haba! Ṣé ilẹ̀ ń tán ni?" Ó fowó rẹ̀ kan òrùlé tuntun. Ní báyìí, yangí ló kù lóko. Kó da ajílẹ̀ síbẹ̀ títí, àgbàdo rẹ̀ kì í ju ìka ọwọ́ lọ. Àfọwọ́fà ni, ṣùgbọ́n ṣé ara rẹ̀ ló ń bú? Rárá o, Túnráyọ̀ ló ń bú. Ìyàwó tíṣà yunifásítì, tí kò mọ ọkọ́ dì mú dáadáa! Ó ní láti jẹ́ pé ó ní nǹkan tó ń fi sí i.

Ló bá wọ agbádá, ó gba Hanwa, níbi tí Túnráyọ̀ ń gbé, lọ bí ẹni tó fẹ́ kí i kú oríire.

Túnráyọ̀ kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, bàbá wa. Ẹ wá wo ọgbà mi, sà. Ẹ̀yin lọ̀gá."

Ó mú un lọ sẹ́yìnkùlé. Oyèdàpọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó bu erùpẹ̀ kún ọwọ́, ó rún un, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Òórùn oko bàbá rẹ̀ ni.

"Láti Basawa ni típà ti kó o wá, sà," ni Túnráyọ̀ wí. "Wọ́n ní bàbá kan ló ń tà á. Ọlọ́run á bá mi bù kún wọn! Mo tún fẹ́ rà sí i, kí n fi gbin ata. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lóko níbẹ̀, ṣé ẹ mọ̀ wọ́n?"

Oyèdàpọ̀ fẹ́ pariwo pé tòun ni, kó dá a padà. Ó fẹ́ pè é lólè. Ta ló jalè? Ṣebí òun ló gbowó.

"Mo mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ó ti kú."

"Yéè! Oko yẹn ńkọ́, sà? Ta ló ń dá a?"

"Kò sẹ́nì kankan."

Àánú ṣe Túnráyọ̀ dénú. Ó di ojú méjèèjì. "Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá yẹn sí afẹ́fẹ́ rere o."

Oyèdàpọ̀ rọra ti ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ náà bọ àpò agbádá rẹ̀.

"Àmín," ó ní.